Eré Tí Àbúrò Mi Kọ Nípa Ilé Wa

Ẹ má bínú bí mi ò bá yin eré náà. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Tíṣà tó ń gbé aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wá fún mi láti rán sọ pé látọjọ́ tí òun ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, òun ò tíì rí eré tó pa òun lẹ́kún tó báyìí. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kangun sí fèrèsé wa ní ọkùnrin ni òun, òun kì í sunkún, àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ṣe ni òun ṣàdédé rí i pé ojú òun ti tutù. Èmi náà wò ó. Mo jókòó nídìí maṣíìnì ìránṣọ mi, ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe rí lára tèmi ni mo fẹ́ sọ.

Àbúrò mi ló kọ ọ́. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni àkọ́bí, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Òun ni àbígbẹ̀yìn, ìlú mìíràn ló ń gbé, eré ló ń kọ fún àwọn tó ń gbé eré jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní kí ìyá wa wá wo orúkọ ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé inú mi kọ́kọ́ dùn.

Agbẹ̀bí ni ìyá mi. Àwọn ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà ní àdúgbò yìí ò lóǹkà, àwọn mìíràn nínú wọn ti di bàbá ọlọ́mọ. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ̀ tí wọn ò gbé e mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo gbé maṣíìnì mi sínú yàrá rẹ̀ kí n lè máa rán aṣọ, kí n sì máa yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, torí aláìsàn tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn pẹ́ jù, egbò ló máa dá sí i lára. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, egbò kankan ò dá sí ìyá mi lára.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, iyè rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Dókítà ní ohun tó bá ń gbọ́ lójoojúmọ́ ló máa pẹ́ jù lọ́kàn rẹ̀, kí n máa sọ ohun kan náà fún un lọ́nà kan náà. Nítorí náà, láràárọ̀, bí mo bá ti ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára, mo máa ń ka ilé fún un. Bí àwa méjèèjì ṣe ń pè é nìyẹn. Màá ní: èmi ni àkọ́bí yín. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ yín. Aṣọ ni mò ń rán. Ọwọ́ Mi lẹ̀ ń pè mí, torí láti kékeré ni mo ti ń gbé àpò iṣẹ́ yín tẹ̀ lé yín kiri ojúlé àwọn aboyún. Àbúrò mi wà nílùú tó jìnnà, ó ń kọ eré, ó ní kí n kí yín. Bí mo bá fo ibì kan, ìyá mi á gbá mi lọ́wọ́, á ní kí n padà lọ mú un. Ó máa ń gbádùn mọ́ wa. Ọkọ mi ti kú, n ò sì bímọ. Kò sí ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́ ju kí ìyá mi mọ̀ mí títí dọjọ́ tó máa lọ.

Àbúrò mi mọ gbogbo èyí. Ọjọọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí lórí fóònù. Á ní kí ni Màámi sọ lọ́sẹ̀ yìí? Báwo ni mo ṣe gbé wọn dé orí àga? Nígbà tí wọ́n kọ oúnjẹ, kí ni mo fi tàn wọ́n? Mo rò pé àárò ilé ló ń sọ ọ́, pé torí kò ráyè wá, etí ló fẹ́ máa fi bá mi tọ́jú wọn. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Bí ìyá wa bá sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín láàárín ọ̀sẹ̀, mo tiẹ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀ dè é. Nígbà mìíràn, bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní kí n tún ibì kan sọ, kí n sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí Màámi ṣe sọ ọ́. Mo rò pé ẹkún ló ń sun.

Ẹ wá wo ohun tó fi í ṣe.

Nínú eré yìí, tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọọjọ́ Àìkú, ìyá kan wà tó jẹ́ agbẹ̀bí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Ó bí ọmọbìnrin méjì. Èyí àbúrò ló dúró tì í. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rẹwà, aṣọ ló ń rán, inú yàrá ìyá rẹ̀ ni maṣíìnì rẹ̀ wà. Èyí ẹ̀gbọ́n ló sá lọ sí ìlú mìíràn. Obìnrin sísanra kan báyìí tó máa ń kun ètè ni wọ́n fi ṣe é. Kì í wá sílé, bó bá sì wá, ògiri ilé ló máa ń wò bíi pé ó fẹ́ tà á. Ẹni tó lọ ló fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tó dúró, ó wá di ẹ̀bi lílọ tirẹ̀ lé èmi lórí.

Mi ò ní parọ́, wọ́n mọ eré ṣe. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn gbọ́, kí ló máa ṣe é tí kò ní dùn, nígbà tó jẹ́ ẹnu ìyá mi ni wọ́n ti jí i? Àmọ́ ọmọ tó ń rán aṣọ yẹn ò fi ẹsẹ̀ kan maṣíìnì rí láyé rẹ̀. Ó ń yí ìyá rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń yí ojú ìwé. Kì í làágùn. Ẹ̀yìn kì í dùn ún. Obìnrin ti rọ lẹ́sẹ̀ látọdún yìí wá, kò tọ̀ sára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n ò rí póò nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, n ò sì rí i kí wọ́n sá aṣọ ìdọ̀tí sórí okùn. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nínú eré àbúrò mi, ẹnikẹ́ni ò ṣu.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá mi gan-an ò gbà fún wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ń gbé ìyá rẹ̀ sókè láti abíyá, ìyá mi ṣe ṣíọ̀. Ó ní ẹni tó bá gbé aláìsàn báyẹn á yẹ̀ ẹ́ léjìká. Èmi àti ẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín, mo sì ní lọ́kàn mi pé kò séwu.

Ọjọ́ kejì ni tíṣà mú ọmọ rẹ̀ wá wọn aṣọ. Bí mo ṣe ń fi téèpù yí ọmọ náà nídìí, tíṣà ń bú ẹ̀gbọ́n inú eré. Ó ní irú ẹ̀gbọ́n burúkú bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú wọn ṣe ẹ̀gbọ́n, irú wọn kì í kú ire. Mo fi ẹnu mú abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ fi gún etí aṣọ. Mo dúpẹ́ pé abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni nǹkan bà jẹ́. Ìyá inú eré na ọwọ́ sí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó sì pè é ní Ọwọ́ Mi. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí maṣíìnì. Ìyá mi gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń ka ilé fún un, tí mo dé ibi orúkọ yẹn, ó fa ojú ro. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Ọwọ́ Mi wà nínú tẹlifíṣọ̀n."

Mo rò pé eré ló ń bá mi ṣe, mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ṣòro láti bá nǹkan bẹ́ẹ̀ jà. Èmi ò ju ohùn kan lọ láàárọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó lọ́ṣẹ. Tiwọn ní àwòrán, ó ní orin, wọ́n sì tún ń gbé e jáde lọ́sàn-án fún ẹni tí kò bá rí ti ìrọ̀lẹ́ wò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Wọn ò sọ bó ṣe máa rí bí irọ́ bá ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sán. Díẹ̀díẹ̀, kíka ilé dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo bá ní èmi ni mo dúró, ìyá mi á ní kí n má parọ́, òun fi ojú ara òun rí ẹni tó dúró. Bí mo bá ní èmi ni àkọ́bí, á yí ojú kúrò lára mi, á ní àkọ́bí òun ò ro ti òun. Ó ń fi ẹnu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fún un sọ ọ́.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní ó ti bà jẹ́. Ìyá mi kọjú sí ògiri, ó pa ẹnu dé. Mo gbé ṣíbí sún mọ́ ọn, kò la ẹnu. Mo kọrin, mo ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti máa ń fi tàn án, kò la ẹnu. Mo rò pé bí ebi bá pa á dáadáa á gbà, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, omi lásán ló mu. Káfíńtà yọrí lójú fèrèsé, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tan nǹkan yẹn fún màmá, kí wọ́n má lọ fi ebi pa ara wọn sí mi lọ́rùn. Mo tàn án. Orin eré náà bẹ̀rẹ̀, ìyá mi yíjú padà, ó la ẹnu. Bí mo ṣe fún un lóúnjẹ tán nìyẹn, tó ń wo ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gba orí èjìká mi.

Mo pe àbúrò mi. Mi ò dúró de ọjọ́ Àìkú. Ó kọ́kọ́ ní eré lásán ni, pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé eré kì í ṣe òótọ́. Mo ní ìyá wa ò sí lára gbogbo ayé. Ó ní ọ̀gá òun ló sọ pé àwọn òǹwòran ò fẹ́ máa wo obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún tó ń rán aṣọ, pé ẹni tó bá máa dúró gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọkùnrin á fẹ́ fẹ́. Ó ní bí gbogbo ọmọ ilé kan bá jẹ́ ọmọ rere, kò sí eré níbẹ̀ mọ́. Mo jẹ́ kó rò ó tán. Nígbà tí àwáwí tán lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tó wù mí kí n wà ni mo fi ara mi sí."

Mo ní, "Ẹnì kan ti wà níbẹ̀."

Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́ fún un. Mo ní kó wá sílé, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá wa pé òun kọ́ ló dúró tì wọ́n, kó tó di pé kò sí ohun tó máa wọlé sí wọn lọ́kàn mọ́. Ó ní òun máa wá. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó wá lóòótọ́.

Ọjọ́ tó dé, káfíńtà ju ayùn sílẹ̀, tíṣà yọ fóònù, ó ní kí òun bá a ya fọ́tò. Àwọn tí kò kí mi rí láàárọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Àbúrò mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì kí mi lójú gbogbo wọn, inú mi sì rọ̀ díẹ̀, torí ọmọ ìyá ẹni náà ni. Àwa méjèèjì jọ wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ìyá wa wò ó. Ojú rẹ̀ là bí n ò ṣe rí i kó là látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀. Ó na apá méjèèjì. "Ọwọ́ Mi, o ti dé?"

Àbúrò mi wo ojú mi. Mo mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ìyá wa mú. Ó ní, "Màámi, èmi kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró tì yín. Èmi lọ ni. Eré lásán ni mo kọ."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í fẹ́ ìyìn. Àbúrò mi tún un sọ, ó nawọ́ sí mi, ó ní ẹni yìí gan-an ni, Màámi, ẹ wò ó. Ìyá wa ò wo ibi tó nawọ́ sí. Ó ń nu omijé lójú àbúrò mi.

"Dákẹ́, má sunkún mọ́," ló wí. "Nítorí ẹ̀gbọ́n ẹ lo ṣe ń sunkún, mo mọ̀. Mo ti dárí jì í. Bó bá wù ú kó wá sílé, kó wá, n ò bínú sí i."

Ọwọ́ mi wà lórí maṣíìnì mi. Inú mi bàjẹ́ débi pé n ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Mo wo àbúrò mi bóyá ó ń ká ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún apá kejì eré rẹ̀. Omijé ló kún ojú rẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé kò ká a sílẹ̀.

Àkókò yẹn ni ìyá wa tọ̀ sára. Àbúrò mi rí i tí omi ń wá síbi tó jókòó sí, ó fò dìde, ó ń wo aṣọ rẹ̀, ó ń wo ìyá wa, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ mú. Mo ní kó sún. Mo lọ bu omi gbígbóná, mo mú ọṣẹ àti tówẹ̀lì. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ èjìká àti ìbàdí ìyá mi bó ṣe kọ́ mi, mo yí i síhà ọ̀dọ̀ mi. Àbúrò mi bá mi gbé omi dání, ó gbé e jìnnà sí mi, mo ní kó gbé e sún mọ́ mi.

Ìyá mi jẹ́ kí n ṣe é. Ara rẹ̀ rọ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo ti la ẹnu kí n máa ka ilé fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ti pọ́n, nígbà tó gbé ojú sókè wò mí dáadáa.

Ó ní, "Ọwọ́ ẹ dára, arábìnrin. Ìyá tìẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láyé?"

Mo ní, "Ó wà, mà."

"Ara ẹ̀ le?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ le, mà. Kò lè rìn mọ́."

"Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

Omi tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi ń dà sílẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ìyá mi mi orí. Ó káàánú mi, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Tètè máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọmọ tèmi ti dé, á ṣe èyí tó kù fún mi. Má jẹ́ kí ìyá ẹ máa retí ẹ."

Mo nu ẹ̀yìn rẹ̀ tán, mo wọ aṣọ gbígbẹ fún un, mo fa aṣọ ìbora dé àyà rẹ̀. Mo ní, "Ó dàbọ̀, mà." Mo gbé omi ìdọ̀tí jáde, mo dà á nù, mo sì dúró ní kíṣìnì. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti inú yàrá. Nígbà tó tó àkókò láti yí i padà, àbúrò mi ò mọ̀, kò sì pè mí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo kan ilẹ̀kùn, mo dúró kí wọ́n ní kí n wọlé.